Ǹjẹ́ Àníyàn Rere Tó fún Ẹni Tí Ń Po Oògùn?

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ń woni sàn. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi nínú Ìsìláàmù, bí ẹnì kan bá po oògùn fún aláìsàn pẹ̀lú àníyàn rere, tí oògùn náà sì pa á lára, ǹjẹ́ ọrùn rẹ̀ mọ́ níwájú Ọlọ́hun?

Òótọ́ ni pé àníyàn ni òṣùwọ̀n iṣẹ́. Ṣùgbọ́n nínú hádíìsì tí Abu Dawud gbà wá, Ànábì fi yé wa pé ẹni tí ó ń tọ́jú aláìsàn, tí a kò mọ̀ mọ́ ìmọ̀ ìṣègùn, ni yóò dáhùn fún aburú tí ó bá tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Àníyàn tí kò wádìí kò tíì pé.

Ẹ rántí ọdún 2008. Oògùn eyín ọmọdé tí à ń pè ní My Pikin pa ọmọ tí ó lé ní 80 ní Nàìjíríà, nítorí pé kẹ́míkà olóró, diethylene glycol, wà nínú rẹ̀, ó sì ba kíndìnrín wọn jẹ́. Ìfẹ́ ni àwọn ìyá fi fún wọn mu. Ìfẹ́ kò sọ májèlé di oògùn. Ẹ̀bi kò sí lọ́rùn ìyá, bí kò ṣe lọ́rùn ẹni tí ó yẹ kí ó yẹ èròjà wò kí ó tó pò ó.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ní Ìkọ̀lé, Ọyẹ́ àti Ìdó. Àgbàlagbà tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ a máa pa oògùn dókítà tì nítorí ìgò gbogboǹṣe. Ewé kì í ṣe ọ̀tá wa. Ẹbùn Ọlọ́hun ni. Ṣùgbọ́n àwọn kan a máa lọ oògùn steroid mọ́ àgbo làkúrègbé láìwí fún ẹnikẹ́ni. Ìrora á dínkù, inú aláìsàn á dùn, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru sí i, ṣúgà ara rẹ̀ sì ń gòkè. Ìtura bẹ́ẹ̀, ìrẹ́jẹ ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń po oògùn, ẹ sọ ohun tí ẹ fi pò ó, kí ẹ sì sọ ibi tí ìmọ̀ yín pin sí. Ẹ̀yin aláìsàn, ẹ gbé ìgò àgbo yín dání lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ẹ má ṣe fi í pamọ́, ẹ má sì dá oògùn dúró fúnra yín. Ìgbáralé Ọlọ́hun kì í ṣe dídi ojú.

Kí Ọlọ́hun wo àwọn aláìsàn wa sàn, kí Ó sì fún wa ní ìmọ̀ tí ó ṣàǹfààní. Àmín.