Ta Ni Ó Ni Òkú Bátìrì?



Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò yìí lè dà bí ohun kékeré lójú ẹni tí kì í fi irin jẹun. Ṣùgbọ́n nínú àwa tí a ń bọ Ògún ní agbègbè Peckham Rye, kafíńtà wà, àwọn tí ń to iná wà, àwọn tí ń tún ilé onílé ṣe náà wà. Dírílì, ayùn oníná àti sukudiráfà tí kò ní wáyà ni wọ́n fi ń wá oúnjẹ òòjọ́. Nígbà ọdún Ògún, a máa ń kó wọn síwájú ojúbọ pẹ̀lú àdá àti òòlù. (A kì í da epo sí dírílì lára o, ẹ̀bá rẹ̀ ni a ń dà á sí.) Ìbéèrè kan wá wà tí àwọn tí ń kọ́ṣẹ́ awo ń bi àwọn àgbà: bí bátìrì bá kú, ta ni ó ni òkú rẹ̀? Ṣé a lè gbé e sí ojúbọ Ògún bí a ti ń gbé irin tó ti gbó síbẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo irin fúnra rẹ̀. Ọkọ́ tí ó ti jẹ dé ìdí, alágbẹ̀dẹ a fi í sínú iná, a fi owú lù ú, a sì di ọ̀bẹ. Irin kì í kú, ńṣe ni ó ń pààrọ̀ iṣẹ́. Ìdí nìyí tí irin àlòkù fi ní àyè lójúbọ. Bátìrì kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá tú ike ara rẹ̀, ọmọ bátìrì kéékèèké ni ó wà nínú rẹ̀, tí wọ́n rí bí ọ̀pá kúkúrú. Irú èyí tí ó wọ́pọ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 18, ó sì gùn tó 65. Nínú bátìrì 18V, márùn-ún ni ó so tẹ̀ lé ara wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 3.6V. Bí ó bá jẹ́ ti 5Ah, ó sábà máa ń jẹ́ mẹ́wàá, méjì-méjì. Lithium, bàbà, èédú àti nickel ni ó wà nínú wọn, cobalt sì wà nínú ọ̀pọ̀, pẹ̀lú omi kan tí ó tètè ń gbiná. Bí nǹkan bá gún un tàbí tí ooru bá pọ̀ fún un, ó lè gbiná fúnra rẹ̀, ó sì lè tún ràn lẹ́yìn tí a rò pé a ti pa á. Àbẹ́là, epo àti ọtí kò jìnnà sí ojúbọ wa, ọ̀pọ̀ wa ni ó sì ń gbé lókè ṣọ́ọ̀bù, tí àtẹ̀gùn kan ṣoṣo wà fún ìdílé mẹ́ta.

Àwọn olùṣàngó yóò ní kí a dúró ná. Mọ̀nàmọ́ná ni Yorùbá ń pe iná tí ń tan ilé wa, ta ni ó sì ni mọ̀nàmọ́ná? Àwọn aláṣẹ iná ọba náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ère Ṣàngó tí Ben Enwonwu ṣe ni wọ́n gbé síwájú ilé iṣẹ́ wọn ní Marina, l'Ékòó. A gbà fún wọn. Ti Ògún ni irin inú rẹ̀, ti Ṣàngó ni iná inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí iná bá tán nínú rẹ̀, tí a sì sọ ọ́ nù, Ilẹ̀ ni ó ń gbé e mì. Bẹ́ẹ̀ ni a kì í pe òrìṣà kankan láì kọ́kọ́ ta omi sí Ilẹ̀.

Ilẹ̀ ibo? Orílẹ̀-èdè Kóńgò ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú cobalt ayé ti ń wá, ní agbègbè Kolwezi. Ní 2016 Amnesty International kọ̀wé nípa àwọn ọmọdé tí ń wà á níbẹ̀. Ní tiwa, ẹ̀yin tí ẹ mọ Ògijo ní ìpínlẹ̀ Ògùn mọ ohun tí èéfín àwọn tí ń yọ́ òjé inú bátìrì mọ́tò ti ṣe sí ara àwọn ará ìlú náà. Ìpínlẹ̀ tí ń jẹ́ orúkọ odò, tí àjèjì máa ń fi pe òrìṣà wa! Ní 1988 àwọn ará Ítálì kó májèlé wá sí Koko, títí ìjọba fi ṣòfin lórí rẹ̀ lọ́dún náà. Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ àwọn tó ṣe bẹ́ẹ̀, a máa ń pè wọ́n ní òṣìkà. Kí ni a ó wá pe ara wa bí a bá kó òkú bátìrì sínú dúrọ́ọ̀mù tí ń lọ sí Èkó, tí a ní a fi ta ẹ̀gbọ́n wa lọ́rẹ?

Àwọn kan nínú wa ní ìdáhùn, kò sì yẹ kí a fojú di í. Wọ́n ní àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wà ní Ikeja àti Alaba tí wọ́n lè tú bátìrì, kí wọ́n ṣa àwọn ọmọ bátìrì tó ṣì ń mí, kí wọ́n sì tò wọ́n di tuntun. Òótọ́ ni. Ọmọ Ògún gidi ni irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe ni ó yẹ kí ó béèrè, kí ó sì mọ ohun tí ń bọ̀. Ohun tí a ń bẹ̀rù láti gbé sábẹ́ ibùsùn tiwa ní London, tí a wá dì sáàárín aṣọ àti ìrẹsì fún ẹni tí kò béèrè rẹ̀, ẹ̀bùn kọ́ nìyẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ gan-an ni ọjọ́ tí a fẹ́ ra irinṣẹ́. Ìwà ni a ń wò lára ìyàwó, ìwà náà ni kí a wò lára dírílì. Ṣé bátìrì kan náà ń bá ayùn rẹ̀ mu? Ṣé a lè rí bátìrì yẹn rà ní ọdún mẹ́wàá sí i? Ti Makita LXT jáde ní 2005, ó sì wà lórí àtẹ títí di ìsinsìnyí. Ṣé ìdè ni ó di ara rẹ̀ mú, tí a lè tú, tàbí gọ́ọ̀mù? Ẹ́ńjìnnì tí kò ní búrọ́ọ̀ṣì ń pẹ́ ju èyí tó ní i lọ, nítorí èédú búrọ́ọ̀ṣì máa ń jẹ tán. Lójú tiwa, ẹni tí inú ilé ni ó ti ń ṣiṣẹ́ ní ìlú tí iná kì í lọ yìí, kí ó ra oníwáyà. Yóò lo bátìrì mẹ́rin kú. Ti ará Ìbàdàn yàtọ̀, a mọ̀.

Bí a bá ti ra oníbátìrì, kí a má fi í sílẹ̀ lófìfo nínú ọkọ̀ nígbà òtútù, kí a má sì ki ṣájà bọ̀ ọ́ nígbà tí ó bá tutù bíi yìnyín. Bí a kò bá ní lò ó fún ìgbà pípẹ́, ìdajì iná ni kí ó wà nínú rẹ̀.

Nígbà tí ó bá wá kú, a lè gbé ẹnu dírílì àti abẹ ayùn tó ti kú sí ojúbọ, irin ni wọ́n. Bátìrì, kí a dágbére fún un níwájú Ògún, kí a dúpẹ́ iṣẹ́ tó ṣe, kí ó sì máa lọ. Àwọn àgbà kan kò fara mọ́ èyí. Wọ́n ní ohun tó bá ti bá Ògún jẹun, a kì í fà á lé àjèjì lọ́wọ́. A bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n iná ìléru tí wọ́n fi ń yọ bàbà, nickel àti cobalt padà nínú òkú bátìrì, kí ni í ṣe bí kì í bá ṣe àgbẹ̀dẹ? Ibẹ̀ ni irin rẹ̀ ti ń pààrọ̀ iṣẹ́.

Òfin ilẹ̀ yìí sì rọrùn. Láti 2010, ṣọ́ọ̀bù tí ó bá ń ta bátìrì tó ju kìlógíráàmù 32 lọ lọ́dún gbọ́dọ̀ gba òkú bátìrì lọ́fẹ̀ẹ́, ì báà má jẹ́ ọ̀dọ̀ wọn ni a ti rà á. Ibùdó káńsù Southwark sì wà ní Devon Street, létí Old Kent Road. Kí a má jù ú sínú agbọ̀n ìdọ̀tí ilé, nítorí ọkọ̀ akólẹ̀ máa ń tẹ ẹrù rẹ̀ pọ̀, ibẹ̀ ni iná ti ń sọ. Ẹ fi téèpù dí ibi tí irin ẹnu rẹ̀ ti hàn, kí ẹ tó gbé e. Bí èyí tó ti wú bá wà níbẹ̀, ìta ni kí ó sùn, jìnnà sí ẹnu ọ̀nà. Kí ẹ tó lọ, ẹ kan ilẹ̀kùn baba tó wà lókè yín, bóyá òun náà ní mẹ́ta nínú dúrọ́ọ̀.