Ṣé Ẹni Tí Kò Kí Wa Kò Lẹ́kọ̀ọ́ Ni?

Ọmọ kan fọwọ́ di etí nítorí ariwo gbohùngbohùn ní mọ́sáláṣí wa, kò sì kí ẹnikẹ́ni. A ní kò lẹ́kọ̀ọ́. Ṣé òdodo ni a sọ?

Ọ́tísímù ni Stephen Wiltshire ní, ẹni tí wọ́n bí ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1974. Ojú àti etí rẹ̀ ń gba ayé wọlé lọ́nà tí ó yàtọ̀ sí tiwa. Kí ó tó mọ ọ̀rọ̀ sọ ni ó ti ń fi àwòrán ròyìn ohun tí ó rí. Ní 2005, ó wo ìlú Tokyo láti inú hẹlikọ́pítà, ó sì fi ọjọ́ 7 yà á láti inú ìrántí, lórí aṣọ àwòrán tí ó gùn tó mítà 10.

Kì í kúkú ṣe gbogbo wọn ni ó mọ àwòrán yà. Ṣé ìgbà tí ẹnìkan bá yà wá lẹ́nu nìkan ni a óò tó gbà á mọ́ra? Nítorí afọ́jú kan ni Súrà Abasa ṣe sọ̀kalẹ̀.

Láti ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, a kò rí ọmọ náà àti ìyá rẹ̀ mọ́.