Òsùwọ̀n ni Ọlọ́hun fi ń rọ òjò

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Àṣàkẹ́ ọ̀run. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad (SAW), àwọn ará ilé rẹ̀ àti gbogbo Sàhábà.



Ọjọ́ Jímọ̀ ni ọjọ́ 26 oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì 2011, inú ààwẹ̀ Rọmọdáànù ni a sì wà. Alẹ́ ọjọ́ náà ni òru kẹtàdínlọ́gbọ̀n, èyí tí ọ̀pọ̀ wa fi ń wá Laylatul-Qadri. Òjò dé sí Ìbàdàn, kò sì dá bọ̀rọ̀. Ó lé ní mílímítà 180. Afárá Apẹ̀tẹ̀ wó, ẹ̀mí tó bá omi lọ sì lé ní 100. Àwọn àgbà wa rántí ọjọ́ 31 oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì 1980, nígbà tí Ògùnpa ya wọlé tí ó pa ènìyàn tó lé ní 200.

Nígbà tí a sọ ìtàn yìí ní ilé-kéú, akẹ́kọ̀ọ́ wa kan béèrè pé: "Ústáàsì, ṣebí Ọlọ́hun nìkan ló mọ ìgbà tí òjò yóò rọ̀? Ṣé àwọn tó ń sọ̀rọ̀ òjò lórí rédíò kò máa bá A du ìmọ̀ Rẹ̀ báyìí?"

Ìbéèrè rere ni. Òótọ́ ni pé Súrátù Luqmān, áyà 34, fi ìmọ̀ òjò sí ọ̀dọ̀ Ọlọ́hun. Ṣùgbọ́n Ọlọ́hun kan náà sọ fún wa nínú Súrátùl-Mu'minūn, áyà 18, pé òsùwọ̀n ni Òun fi ń sọ omi kalẹ̀ láti sánmà, tí Òun sì ń fi pamọ́ sínú ilẹ̀. Ohun tó bá ní òsùwọ̀n ṣeé wọ̀n. Àgbẹ̀ tó rí i pé ojú ọ̀run ṣú, tó sá ẹ̀gẹ́ rẹ̀ wọlé, kò sọ pé òun mọ ohun ìkọ̀kọ̀. Àmì tí Ọlọ́hun gbé kalẹ̀ ló kà. Onímọ̀ ojú ọjọ́ náà kò búra. "Ó ṣeé ṣe" ló ń wí. Àwa a fi in shā Allāh kún un.

Ẹ jẹ́ kí a wo àmì wọ̀nyí. Afẹ́fẹ́ olómi kan ń fẹ́ wá láti inú òkun Atlantic. Òun ló ń gbé òjò àkọ́rọ̀ wá fún wa. Bí ó bá gòkè lọ sí ìhà àríwá ní oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì, òjò tiwa a sinmi díẹ̀. Bí ó bá ń padà bọ̀, àrọ̀kúrò dé. Ní ọdún 2006, àwọn onímọ̀ láti Áfíríkà àti Yúróòpù, nínú iṣẹ́ ìwádìí tí wọ́n ń pè ní AMMA, tọ ipa afẹ́fẹ́ yìí. Ní àgbègbè odò Ouémé ní orílẹ̀-èdè Benin, wọ́n wọn òjò, wọ́n wọn omi inú ilẹ̀, wọ́n sì wọn odò. Ní ọdún 2016, àwọn mìíràn nínú iṣẹ́ DACCIWA gbé irin-iṣẹ́ kalẹ̀ ní Kumasi, ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní Ilé-Ifẹ̀. Ilé wa ni wọ́n ti ṣe é.

Kí ni Ouémé kọ́ wa? Òjò àkọ́rọ̀ kì í mú odò kún. Ilẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ mu. Ewé àti oòrùn a sì dá èyí tó pọ̀ jù padà sí òfurufú. Ìgbà tí ilẹ̀ bá mu yó ni odò tó ń ru sókè. Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ mọ ohun tí odò yóò ṣe kò ní béèrè iye òjò nìkan. Yóò béèrè pé: orí irú ilẹ̀ wo ni ó rọ̀ sí? Ṣé ilẹ̀ náà ti yó? Wákàtí mélòó ni ó fi rọ̀?

Ẹ wá dúró lórí òkè Mápó, kí ẹ wo ìsàlẹ̀. Láti Bẹẹrẹ dé Ọjà'ba, láti ibẹ̀ títí dé Bẹyẹrunkà, páànù ló fara kan páànù. Páànù kò mu omi, kọnkéré kò mu omi. Òjò mílímítà 180 lórí pùlọ́ọ̀tì kan ṣoṣo, ọgọ́ta ẹsẹ̀ bàtà ní ọgọ́fà, jẹ́ nǹkan bíi 4,800 kẹ́ẹ̀gì onílítà 25. Ẹ fi iye ilé tó wà ní àdúgbò yín sọ ọ́ di púpọ̀. Ògùnpa àti Kúdẹtì ni gbogbo rẹ̀ ń sá lọ, ìdọ̀tí wa sì ti dí wọn lọ́nà.

Ìjọba dá iléeṣẹ́ NiMet tó ń sọ nípa ojú ọjọ́ sílẹ̀ ní 2003, ó sì dá NIHSA tó ń sọ nípa odò sílẹ̀ ní 2010. Ọdọọdún ni wọ́n ń kéde ibi tí omíyalé lè ti ṣẹlẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ náà kò bá dé etí ìyá tó ń gbé etí Kúdẹtì, àwa tí a gbọ́ ọ dà bí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó ru ìwé, tí Súrátùl-Jumu'ah dárúkọ.

Ẹ rántí Ànábì Yūsuf (AS). Ìmọ̀ ọdún méje tó ń bọ̀ kò di ìtàn lásán lọ́wọ́ rẹ̀; àká ni ó fi kọ́. Omi tó ń pa wá ní Ọ́gọ́ọ̀sì ni à ń ru kẹ́ẹ̀gì wá kiri ní oṣù Fẹ́búárì. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ṣe ìdídò Ẹlẹ́yẹlé ní 1942. Ẹni tó ń ṣọ́ ìdídò tó sì gbọ́ ìròyìn òjò lásìkò lè fi àyè sílẹ̀ kí omi tó dé. Ẹni tí kò gbọ́, àwọn ará ìsàlẹ̀ odò ni yóò jìyà rẹ̀.

Ànábì wa (SAW) tọrọ òjò, nígbà tó sì pọ̀ jù, ó tọrọ pé kí ó yí sí àyíká àwọn, kí ó má ṣe rọ̀ lé àwọn lórí. Òun náà ló ní kí á so ràkúnmí kí á tó gbára lé Ọlọ́hun. Ẹ jẹ́ kí á so tiwa báyìí:

1. Kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan gbé òsùwọ̀n òjò kan sí àgbàlá mọ́sáláṣí, kí a máa kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ìrun Súbúhì. Kí a fa ìlà sára afárá tó wà nítòsí, kí a máa kọ ibi tí omi dé. Bí ọdún bá yí po, a ó mọ bí ó ti ń pẹ́ tó lẹ́yìn òjò kí odò tó kún.

2. Kí a máa bẹ lèmọ́mù pé kí ó ka ìkéde òjò àti odò lẹ́yìn ìrun Jímọ̀.

3. Kí a kó gọ́tà kí àkọ́rọ̀ tó dé. Mímú ohun ìnira kúrò lójú ọ̀nà wà lára ìgbàgbọ́.

4. Kí a yé gbé ìdọ̀tí sínú àgbàrá nígbà tí òjò bá ń rọ̀. Ẹ̀yin ará, gbogbo wa la mọ ẹni tó ń ṣe é. Ohun tí a jù sílẹ̀ ní Òkè Mápó ni ó ń dí omi mọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìsàlẹ̀. Ẹ má pe iṣẹ́ ọwọ́ wa ní kádàrá.

Kí Ọlọ́hun ṣe òjò wa ní òjò àánú, kí Ó sì foríjin àwọn tí omi gbé lọ. Āmīn. Wa-s-salāmu alaykum.