Wii, Wii U àti Orí Tí Àfùwàpẹ́ Yàn

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin ọdún 2006, ilé-iṣẹ́ Nintendo ti ìlú Kyoto ní Japan kéde orúkọ ẹ̀rọ géèmù tuntun tí wọ́n ń ṣe lọ́wọ́. Títí di ọjọ́ náà, "Revolution" ni àwọn olólùfẹ́ géèmù mọ̀ ọ́n sí. Orúkọ tí Nintendo wá fà yọ ni Wii. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì bú sẹ́rìn-ín, nítorí bí ọmọdé ilẹ̀ wọn ṣe ń pe ìtọ̀ nìyẹn. Àwọn kan tilẹ̀ ní Nintendo ti fọwọ́ ara rẹ̀ ba ọjà ara rẹ̀ jẹ́. Ẹ̀rọ náà jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, nígbà tó sì fi máa kúrò lórí àtẹ, ó ti tà ju mílíọ̀nù 101 lọ. Àbúrò rẹ̀, Wii U, jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2012. Nígbà tí wọ́n dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017, gbogbo èyí tí wọ́n rí tà kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 13 àti ààbọ̀ lọ.

Ṣé orúkọ tó ṣàjèjì ń ran ẹ̀rọ géèmù lọ́wọ́ ni, àbí ó ń pa á lára? Ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí àwọn ọlọ́dún Ifá ti ń gun Òkè Ìtasẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdọọdún, a ní ibi tí a lè gbé irú ìbéèrè yìí lọ. Mo mọ̀ pé àgbà awo kan lè wojú mi kó ní kí ni Ọ̀rúnmìlà fẹ́ fi ohun ìṣeré ọmọdé ṣe. Ṣùgbọ́n ta ni Ifá kì í dá fún? Nínú ẹsẹ Ifá, ẹranko a máa wá, ẹyẹ a máa wá, igi a máa wá, ìlú a máa wá, ohun ọ̀gbìn tó ń ráhùn àìrọ́mọbí náà a sì wá. Bí ohun ọ̀gbìn bá lè jókòó níwájú ọpọ́n, ẹ̀rọ tí wọ́n ná òbítíbitì owó lé lórí náà lè jókòó.

Ibi tí ẹsẹ Ifá ti ń bẹ̀rẹ̀ gan-an ni kí a ti wò ó. Kó tó dé orí ẹni tí wọ́n dífá fún, kó tó sọ ohun tó ń pọ́n onítọ̀hún lójú àti ẹbọ tí wọ́n ní kó rú, orúkọ awo ló sábà máa ń ṣáájú. Irú orúkọ wo sì ni? Ìyá kankan kò lè fi ọ̀pọ̀ nínú wọn pe ọmọ wálé wá jẹun. Odindi gbólóhùn ni òmíràn, òmíràn dún bí àlọ́, òmíràn bí ọ̀rọ̀ ẹni tó ń dá sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ibi tí mo ti gbọ́ ọ rí pé ẹni tó wá dífá yíjú padà nítorí pé orúkọ awo rú u lójú. Ohun tí ẹsẹ máa ń gbájú mọ́ ni bóyá ó rúbọ tàbí kò rú u, bóyá ohun tí awo wí ṣẹ tàbí kò ṣẹ. Lójú tèmi, orúkọ àjèjì wọ̀nyẹn tilẹ̀ ní iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Ẹnu ọ̀gá ni ọmọ awo ti ń kọ́ ẹsẹ, kò sí ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Orúkọ tó ṣàjèjì ni kò ní jẹ́ kí ẹsẹ kan lọ́ mọ́ òmíràn lórí rẹ̀. Ká ní Fálànà àti Fátóyìnbó ni gbogbo awo ń jẹ́ ni, ẹsẹ ì bá ti dàrú tipẹ́.

Irú iṣẹ́ yẹn ni orúkọ Wii ṣe. Nintendo ní àwọn yàn án nítorí pé ó dún bí ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún "àwa", pé kò sí ẹnu tí kò lè pè é, àti pé "i" méjì tó wà níparí rẹ̀ jọ èèyàn méjì tó dúró ti ara wọn. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ó sì lè jẹ́ àlàyé tí wọ́n wá lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ti tán. Èyí tó dá mi lójú ni pé ohun tí wọ́n fi orúkọ náà pè ṣàjèjì tó orúkọ rẹ̀. Ní oṣù tí PlayStation 3 jáde ní Amẹ́ríkà ní dọ́là 499 àti 599, dọ́là 250 ni Wii. Kò sí pé à ń wá bọ́tìnnì kiri: èèyàn a di páàdì mú bí igi, a fi ọwọ́ gbá a nínú afẹ́fẹ́, ẹni tó wà nínú tẹlifíṣọ̀n náà a gbá bọ́ọ̀lù. Àwọn arúgbó tí kò fọwọ́ kan géèmù rí ń fi í ṣeré nílé ìtọ́jú àgbàlagbà ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí kò ní ẹgbẹ́ ni, orúkọ tí kò ní ẹgbẹ́ sì bá a mu. Láàárín oṣù díẹ̀, ẹ̀rín ti tán, ọjà kù.

Wàyí o, Ogbègúndá. Nínú Odù yẹn ni ìtàn àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta wà, Oríṣeékú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja, àti Àfùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Wọ́n ń ti ọ̀run bọ̀ wá sáyé, wọ́n sì ní láti yan orí ní ilé Àjàlá, amọ̀kòkò tó ń mọ orí. Àwọn méjì àkọ́kọ́ lọ tààrà. Wọ́n dé ibẹ̀, Àjàlá kò sí nílé, orí sì kún ilẹ̀. Wọ́n mú èyí tó wù wọ́n, wọ́n gbé e rù, wọ́n kọrí sáyé. Òjò pàdé wọn lọ́nà, ó rọ̀, ó rọ̀, ó sì ń bó orí tí iná kò jó dénú náà jẹ díẹ̀díẹ̀. Ìgbà tí wọ́n fi máa dé ayé, ohun tó kù lórí wọn kò tó nǹkan mọ́, gbogbo làálàá tí wọ́n ṣe láyé ni wọ́n sì fi ń dí ihò rẹ̀.

Àfùwàpẹ́ kọ́kọ́ yà lọ sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Wọ́n dífá fún un, wọ́n ní kó rú owó àti iyọ̀, ó rú u, wọ́n sì bù nínú rẹ̀ fún un mú lọ. Lójú ọ̀nà ó bá oníbodè kan tó ń fi eérú sí ọbẹ̀ nítorí pé kò mọ iyọ̀. Ó fún un ní iyọ̀ tọ́ wò. Inú oníbodè dùn, ó tú àṣírí fún un: àjà ni Àjàlá sá sí, nítorí olówó ń sin ín ní gbèsè. Àfùwàpẹ́ san gbèsè náà. Àjàlá bọ́ sílẹ̀, ó mú un wọ ibi tí orí wà, ó sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀pá irin dán orí wò. Èyí tó bá fọ́, ó fọ́ nìyẹn. Èyí tí kò fọ́ ni Àfùwàpẹ́ gbé. Òjò kan náà pa á, kò mú nǹkan kan kúrò lára orí rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ tó ń tú ẹsẹ yìí máa ń dúró síbẹ̀ yẹn, pé ohun tó wà nínú ló jà jù. Bó bá jẹ́ ibẹ̀ la dúró sí, a jẹ́ pé orúkọ kò ní iṣẹ́ kankan nílé ayé. Ṣe ẹ̀rọ tó dáa, kó o máa pè é bó ṣe wù ọ́. Mi ò fara mọ́ ọn. Ẹ tún wo àwọn méjì tó ṣáájú. Wọn kì í ṣe òmùgọ̀. Wọ́n dé ilé amọ̀kòkò, wọn kò bá a, gbogbo orí tó wà nílẹ̀ jọra. Kí ni wọn ì bá fi yàn bí kò ṣe ohun tí ojú wọn rí? Kò sí àmì lára orí kankan tó máa sọ fún wọn pé iná jó tibí, iná kò jó tọ̀hún. Ojú Àfùwàpẹ́ kò mú ju tiwọn lọ. Ó rí ẹni bi ni.

Ìyá àgbà tó wọ ṣọ́ọ̀bù láti ra ẹ̀rọ géèmù fún ọmọ-ọmọ rẹ̀, ilé Àjàlá ló wọ̀ yẹn. Ẹni tó ṣe ẹ̀rọ wà ní Kyoto tàbí ní Amẹ́ríkà, kò sí níbẹ̀ láti fi ọ̀pá irin dán nǹkan wò fún un. Orúkọ tó wà lára páálí ni oníbodè rẹ̀. Tí orúkọ bá ṣi í lọ́nà, ó ti gbé orí tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Wii U nìyẹn. Ní ọdún 2013, Satoru Iwata tó jẹ́ ààrẹ Nintendo nígbà náà sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀ pé àwọn kan rò pé Wii U kò ju Wii àtijọ́ tí wọ́n fi páàdì tuntun kún. Ẹni tó ti ní Wii nílé kò rí ìdí tí yóò fi tún ra á. Kí n má di gbogbo ẹ̀bi ru orúkọ o: géèmù tó wà fún un kò tó, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń ṣe géèmù sì tètè fi í sílẹ̀. Iná kò jó orí yẹn dénú. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò tilẹ̀ mọ̀ pé orí tuntun wà nílẹ̀. Yorùbá tó bí Táíwò àti Kẹ́hìndé, tó tún bí òmíràn tẹ̀ lé wọn, Ìdòwú ni yóò pè é, Àlàbá ni yóò sì pe èyí tó tẹ̀ lé Ìdòwú. Nintendo bí Ìdòwú, ó sọ ọ́ ní Táíwò, ó wá ń ṣe kàyééfì pé àwọn àlejò ń béèrè ìgbà tí ìkómọ máa wáyé.

Microsoft ṣe tirẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Xbox fúnra rẹ̀ jẹ́ orúkọ àjèjì tí àwọn olùpolówó ọjà ilé-iṣẹ́ náà kò fẹ́. Wọ́n kọ orúkọ mìíràn rẹpẹtẹ sílẹ̀, wọ́n fi Xbox sí àárín wọn lásán nígbà tí wọ́n ń bi àwọn èèyàn léèrè, Xbox yẹn gan-an ni àwọn èèyàn sì mú. Kò pa á lára nígbà tó jáde ní 2001. Ìgbà tó di ti àwọn àbúrò rẹ̀ ni ìdàrúdàpọ̀ dé: èkejì ń jẹ́ 360, ẹ̀kẹta ń jẹ́ One, One bí One X ní 2017, ẹ̀kẹrin sì dé ní 2020, ó ní Series X lòun ń jẹ́. Ní ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó sílẹ̀ fún Series X ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, One X ti àtijọ́ ni ọjà rẹ̀ ṣàdédé fò sókè lórí Amazon. Sony ní tirẹ̀ ń ka nọ́ńbà lọ bí ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, láti èkíní dé PlayStation 5. Kò sí ọgbọ́n kankan níbẹ̀, PS2 nìkan sì tà ju mílíọ̀nù 160 lọ.

Àwọn awo ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Odù 256 ni ó wà, 16 jẹ́ méjì, 240 jẹ́ àmúlù. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ àmúlù ti mọ ohun tí wọ́n tẹ̀ sórí ọpọ́n, torí Odù tó wà lápá ọ̀tún ni wọ́n ń dárúkọ ṣáájú. Ìrosùn Ìwòrì kì í ṣe Ìwòrì Ìrosùn. Awo tó bá ṣi ọ̀kan pè lè ní kí aláìsàn rú ẹbọ ẹni tó ń wáṣẹ́. Àwọn Odù kan ní orúkọ mìíràn tó ṣàjèjì sétí ọ̀gbẹ̀rì. Ogbè Òtúrá ni wọ́n ń pè ní Ogbè Alárá, Òfún Méjì sì ń jẹ́ Ọ̀ràngún Méjì. Kò da ẹnikẹ́ni rú nínú ìsọ̀ǹgbè wọn, nítorí pé Odù kan ṣoṣo ni orúkọ kọ̀ọ̀kan ń tọ́ka sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àbíkú: òbí tó sọ ọmọ ní Kòsọ́kọ́ tàbí Àkísàátán mọ ohun tó ń ṣe, àdúgbò sì mọ ohun tó ń ṣe pẹ̀lú rẹ̀.

Ní Ifẹ̀ tiwa, ó ní bí orúkọ ṣe ń rìn. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1987, ìjọba ológun Babangida yí orúkọ Yunifásítì Ifẹ̀ sí ti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ikú bàbá náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá, Àwíṣẹ Awo Àgbáyé, ni gíwá nígbà náà. Títí di òní, "Great Ife" ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ lórin. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbá bọ́ọ̀lù lórí páàdì ní Lágere àti Mayfair náà kò yàtọ̀. Ilé-iṣẹ́ EA ti yọ FIFA kúrò lára orúkọ géèmù bọ́ọ̀lù rẹ̀ láti 2023, FIFA ni wọ́n ṣì ń pè é. Konami sọ géèmù bọ́ọ̀lù tirẹ̀, PES, di eFootball ní 2021, PES ni lẹ́nu wọn. Orúkọ tó ti mọ́ni lára kì í tètè kúrò lẹ́nu, ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá fẹ́ yí i padà fi gbọ́dọ̀ ní ìdí tó le.

Nítorí náà, ìdájọ́ tèmi rèé: orúkọ àjèjì ń ran ọjà àkọ́bí lọ́wọ́, orúkọ tó bá ti fi àbúrò pa mọ́ sára ẹ̀gbọ́n ló ń pa ọjà. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé wa tó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, tí ẹ ń ṣe géèmù orí fóònù, ẹ má bẹ̀rù orúkọ tó máa pa àwọn aráyé lẹ́rìn-ín. Ohun tí ẹ ó máa bi ara yín ni bóyá ẹni tí kò rí yín bi lè mọ èyí tó jẹ́ tuntun nínú ohun tí ẹ gbé jáde. Nintendo ti mọ̀ ọ́n báyìí. Nígbà tí wọ́n bí àbúrò fún ẹ̀rọ wọn tó ń jẹ́ Switch ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2025, Switch 2 ni wọ́n pè é, ó sì tà ju mílíọ̀nù mẹ́ta àti ààbọ̀ lọ ní ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́.