Iṣẹ́ Kan, Owó Méjì

Ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí àwa olùkọ́ fi ọkàn rò. Bí ọkọ òun aya bá jùmọ̀ ń kọ́ni, tí ìwé-ẹ̀rí wọn dọ́gba, tí ọdún wọn lẹ́nu iṣẹ́ sì dọ́gba, ṣùgbọ́n tí owó oṣù wọn yàtọ̀ nítorí ìlú tí olúkúlùkù gbé ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ ta ni ó níye lórí jù?

Ọ̀ràn yìí kì í ṣe àlọ́. Ní ọdún 2024, òfin ilẹ̀ Nàìjíríà wí pé owó oṣù òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ dín ní ₦70,000. Nínú ọdún náà, ìjọba Èkó kéde ₦85,000 fún òṣìṣẹ́ rẹ̀ tí ó kéré jù, ti Ọ̀ṣun sì kéde ₦75,000.

Àwọn kan a máa wí pé bẹ́ẹ̀ ni ó tọ́, nítorí ọjà Èkó wọ́n, owó ilé àti owó ọkọ̀ sì ga níbẹ̀. Òtítọ́ ni. Ọkọ tí ń kọ́ni ní Ìkòròdú lè gba owó ju aya rẹ̀ tí ó wà ní Iléṣà lọ, kí onílé àti onímọ́tò sì gba èlé náà tán lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, kò yẹ kí ó fi í ṣe ọlá nínú ilé. Owó náà ń sọ bí ọjà ìlú ti rí àti bí àpò ìjọba ti tó. Kò sọ iye tí ènìyàn jẹ́. Aya tí àwọn ọmọ àti òbí arúgbó wà lọ́rùn rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ mìíràn tí ẹnikẹ́ni kò san owó rẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè.

Ṣùgbọ́n àwíjàre ọ̀wọ́n ọjà náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 ní kí òṣìṣẹ́ fi ìdá 8 nínú 100 owó rẹ̀ pamọ́, kí agbanisíṣẹ́ sì fi ìdá 10 kún un. Èyíinì ni pé, nínú náírà kọ̀ọ̀kan tí owó ẹnìkan fi ju ti ẹnìkejì lọ, kọ́bọ̀ 18 ń bá a dé ọjọ́ ogbó. Nígbà náà, àwọn méjèèjì ti padà sábẹ́ òrùlé kan, ata kan náà ni wọ́n ń rà. Owó ilé Èkó ti kásẹ̀, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ náà kò kásẹ̀. Èyí kì í ṣe ọ̀ràn ọ̀wọ́n ọjà mọ́.

Kí ni ṣíṣe? Kí tọkọtaya ka ohun tí ó wọlé sí owó ilé kan, kí wọ́n sì fi díẹ̀ kún ìpamọ́ ẹni tí tirẹ̀ kéré, nígbà tí agbára ṣì wà. Ní ti ìjọba, bí ìlú kan bá wọ́n, kí wọ́n san owó ìrànwọ́ fún ìgbé ibẹ̀ lọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n kí owó iṣẹ́ fúnra rẹ̀, àti owó ogbó tí ó ti inú rẹ̀ wá, dọ́gba fún iṣẹ́ tí ó dọ́gba. A-b-d tí ọmọ Iléṣà ń kọ́ kò fi lẹ́tà kan dín sí ti ọmọ Ìkòròdú.