Ìpínyà Kì í Ṣe Ìkọ̀sílẹ̀

 

Bíbélì kíkà: 1 Kọ́ríńtì 7:10-16

Arábìnrin kan dúró dè mí lẹ́yìn ìsìn. Ó ní, "Ajíhìnrere, ẹ bá mi gbàdúrà. Ọdún kẹrin rèé tí mo ti kúrò nílé ọkọ mi. Ẹlòmíràn ti fẹ́ fẹ́ mi, a sì ti mú ọjọ́." Mo bi í pé, "Ṣé kóòtù ti tú yín ká?" Ó ní rárá, ṣebí tó bá ti lé ní ọdún 3, ó ti tú fúnra rẹ̀.

Ará, kò tú o! Bó bá jẹ́ ìgbéyàwó ìwé lẹ ṣe, ì báà jẹ́ ní registry tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjọba fún láṣẹ, òfin ọdún 1970 ló ń darí títú u ká ní Nàìjíríà. Bí tọkọtaya bá ti gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọdún 3 léra léra, èyí á jẹ́ ẹ̀rí tí wọ́n lè gbé lọ sí Kóòtù Gíga. Bí ẹnì kejì ò bá sì ta kò ó, ọdún 2 ti tó. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí ni, kì í ṣe ìdájọ́. Kódà, lẹ́yìn tí adájọ́ bá sọ̀rọ̀, oṣù 3 ṣì máa kọjá kí àṣẹ náà tó fìdí múlẹ̀. Títí dìgbà yẹn, tọkọtaya ni yín. Bí ọkọ bá kú lọ́la, opó rẹ̀ lẹ jẹ́. Ẹni tó bá lọ ṣe ìgbéyàwó mìíràn ti rú òfin. Ní gúúsù Nàìjíríà, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún 7.

Ẹ wá wo Pọ́ọ̀lù. Ó mọ̀ pé ìyàwó lè kúrò nílé. Kò lé e kúrò nínú ìjọ. Ohun tó sọ ni pé kó dá wà, tàbí kí òun àti ọkọ rẹ̀ parí ìjà. Ilé tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, wọn ò tíì wó o.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Bí wọ́n bá ń lù yín, ẹ gbé ẹ̀mí yín sá! Nígbà tí Sọ́ọ̀lù ju ọ̀kọ̀ sí Dáfídì, Dáfídì ò dúró gbàdúrà níbẹ̀, ó sá. Ṣùgbọ́n bó ṣe sá yẹn, kò já ìjọba gbà kí àkókò rẹ̀ tó tó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú ìpínyà lónìí, ẹ tọ́jú ìwé ìgbéyàwó yín. Ẹ lọ bá lọ́yà kẹ́ ẹ tó gba ẹnikẹ́ni láyè. Ẹ̀yin bàbá, ìyá ọmọ lẹ bá jà, ẹ má febi pa ọmọ. Ẹ̀yin tí ilé yín tòrò, ẹ má fi wọ́n ṣe ọ̀rọ̀ sọ.

Arábìnrin yẹn sunkún, ṣùgbọ́n ó sún ọjọ́ náà síwájú. Mo ṣì ń gbàdúrà fún un.

Àdúrà: Olúwa, fún àwọn tó wà láàárín ọ̀nà ní sùúrù. Èyí tó ṣeé tún ṣe, bá wọn tún un ṣe. Èyí tí kò ṣeé tún ṣe mọ́, jẹ́ kí wọ́n fi òtítọ́ parí rẹ̀. Ní orúkọ Jésù. Àmín.

Ọjọ́ òní á san wá o.