Oyè Bàbá àti Okùn Ẹbí

Ẹ̀yin ará nínú ẹ̀sìn, ǹjẹ́ ó yẹ kí ọmọ oyè tìtorí ẹ̀tọ́ já okùn ẹbí? Ọba Àkítóyè ti Èkó pe Kòsọ́kọ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wálé láti ìgbèkùn. Ní 1845, Kòsọ́kọ́ lé e lórí oyè. Àkítóyè ké sí òyìnbó. Ní 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó, wọ́n dá a padà sórí oyè. Kòsọ́kọ́ àti ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí sá lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ní 1861, òyìnbó gba Èkó lọ́wọ́ Dòsùnmú, ọmọ Àkítóyè. Ta ló wá jogún?

Ànábì Yúsúfù rí agbára lórí àwọn ẹ̀gbọ́n tó jù ú sí kànga, ó sì forí jì wọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ ń du ilé bàbá ní Warehouse Road, ẹ gba ẹ̀tọ́ yín, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe já okùn ẹbí. Kí Ọlọ́hun tún ilé wa ṣe. Àmín.